Ìbéèrè Màmá Àgbà fún Ọkọ Ìyàwó

Ògiri pálọ̀ wa tàn bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi iye tí ṣéà báǹkì kan, ìyẹn ìpín ìdókòwò rẹ̀, ti ń jẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn hàn. Bí Akínkúnmi, àfẹ́sọ́nà mi, bá kùnà nínú ìdánwò màmá àgbà mi lónìí, ìgbéyàwó wa forí ṣánpọ́n nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀, títí kan ọdún 2064 tí iye náà já láti ogójì náírà sí náírà mẹ́fà.

"O káre," ni màmá àgbà wí. "Ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ mi ṣáájú rẹ ka oṣù tó dára nìkan, bí ẹni tó fi aṣọ ọdún díwọ̀n ọrọ̀ onílé."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó dìde ná!" ni mo wí.

"Ọlọ́kọ, sinmi ariwo. Akínkúnmi, èló ni ṣéà yìí yóò jẹ́ lọ́la?"

"Màmá, n ò mọ̀."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bu oúnjẹ fún un. Èyí ò ní fi owó ọmọ mi ta tẹ́tẹ́."