Èdè Tí Ìyàwó Télọ̀ Ń Kọ́

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó tẹ́tí. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù bí ọmọge. Yóò sọ èdè Sípáníìṣì, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

"Viviría. Ǹ bá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Comería. Ǹ bá máa bá ẹ jẹun."

Ẹ̀rù ba télọ̀, inú rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó tún tẹ máṣíìnì láìmọ̀; nígbà tó wolẹ̀, ó ti rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pa. Ó já wọ yàrá tòun ti ṣòkòtò náà.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta lo fẹ́ lọ bá gbé?"

"Ẹ rọra o, bàbá olówú."

Ó yí fóònù sí i. Ọmọ ọmọ wọn ni, èyí tí ọmọkùnrin wọn bí sí òkè òkun tí kò gbọ́ Yorùbá, Sípáníìṣì nìkan ló gbọ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ télọ̀, ó béèrè nǹkan kan. Ìyá àgbà fèsì, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ta ni bàbá yìí."

Télọ̀ fi ṣòkòtò kọ́ èjìká. Ó fa àga.

"Sún díẹ̀. Viví... kí lo pè é?"