Ojú Ìyá Kùmásí Lára Bọ́ọ̀sì Búlúù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á débi tó parí sí, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́ ju etí rẹ̀ lọ.

1.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé ni Bàbá Ọdẹ́wálé gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá fún Nàfísàt tó ń fọ mọ́tò ní Ìlobù.

"Nàfísàt, aago mẹ́rin la ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrántí ọdún kẹwàá tí Ìyá Kùmásí papòdà ni. Àwọn ọmọ ti wà lọ́nà. Mo fẹ́ kó dán bí ọjọ́ tí mo rà á."

Nàfísàt kúnlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹ ó máa wo ojú yín nínú ẹ̀."

Ìyá Kùmásí ni ìyàwó bàbá, Victoria lorúkọ rẹ̀. Kùmásí ní Ghana ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì wálé ní 1969. Sítíkà àwòrán ìgbà ọmọge rẹ̀, tí wọ́n gé tẹ̀lé orí àti èjìká rẹ̀, ló wà lára bọ́ọ̀sì náà láti ọdún mẹ́sàn-án. Láràárọ̀, bàbá á kọ́kọ́ kí i: "Victoria, ṣé dáadáa lo jí?" kó tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Iwájú ilé bàbá yìí kan náà ni Nàfísàt ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ò gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Dúró, tó ṣe sítíkà náà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ti kìlọ̀ fún un tipẹ́: "Ẹ̀rọ pọ́líìṣì ò gbọdọ̀ gun orí sítíkà o. Omi ọṣẹ àti ọwọ́ ni. Tó o bá ń pa pọ́líìṣì bọ̀, tó o dé etí ẹ̀, dúró."

Nàfísàt rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fọdún mẹ́ta kọ́ l'Óṣogbo?"

2.

Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, bọ́ọ̀sì ti ń kọ mànà. Sítíkà yẹn nìkan ló dúdú sílẹ̀ láàárín ẹ̀.

Fàthíà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, na ọwọ́ sí i. "Gbogbo ara dán, ojú ìyá wá dà bí ẹni tó sùn sínú eruku."

"Jẹ́ n kàn fi ẹ̀rọ kàn án díẹ̀."

"Fi ọwọ́ ṣe é."

"Ọwọ́ á pẹ́ jù."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ a máa gbóná bó ṣe ń yí. Nígbà tí ooru wọ inú gọ́ọ̀mù sítíkà, etí gèlè ìyá ká sókè. Kí Nàfísàt tó pa iná ẹ̀rọ, ojú kan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wé mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ti fà ya.

3.

Ó pe Dúró. "Mo fẹ́ kó o bá mi ṣe òmíràn. Lónìí yìí."

"Kọ̀ǹpútà tí mo tọ́jú àwòrán rẹ̀ sí nígbà yẹn ti bàjẹ́. Mú fọ́tò rẹ̀ gan-an wá, wákàtí méjì ló máa gbà. Àbí kí n pe bàbá?"

"Má pè wọ́n."

Ó bó èyí tó kù kúrò, ó fi kẹrosíìnì nu gọ́ọ̀mù. Bó ṣe nù ún tán, ó rí ohun tó kù sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti mú kí àwọ̀ gbogbo ara bọ́ọ̀sì ṣá láti ọdún mẹ́sàn-án, àmọ́ kò dé abẹ́ sítíkà. Orí, gèlè àti èjìká obìnrin dúró síbẹ̀ ní búlúù tó ki. Kò lójú, kò nímú. Ó gbé ẹ̀rọ lé e kó lè pa á rẹ́, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, funfun yọ létí rẹ̀. Ó ta aṣọ tówẹ̀lì bò ó.

4.

Bàbá jáde. "Aṣọ wo nìyẹn?"

"Mo ní kó gbẹ dáadáa ni, sà." Ó tún kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fọ́tò màmá. Mo fẹ́ bá yín fi férémù sí i ní Ìfọ́n, kẹ́ ẹ lè gbé e dání ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Omi lé sójú bàbá. Ó fa fọ́tò náà yọ láti inú Bíbélì. "Ẹyọ kan tó kù nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká kúrò ní Ghana, abẹ́ bùbá ló fi sí. Nàfísàt, ọmọ tìrẹ náà á rántí rẹ."

Àdúrà yẹn ló tì í mọ́nú irọ́ náà. Ṣé yóò wá sọ pé irọ́ lòun pa ni? Ó ki fọ́tò bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fò sórí ọ̀kadà. Kò tilẹ̀ rántí láti fi fóònù yà á.

Ní ṣọ́ọ̀bù Dúró, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Àkísà pọ́líìṣì wà níbẹ̀, ó rin gbingbin. Fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó rọra fà á, ojú ìyá bá àkísà lọ. Èjìká àti àga tó jókòó lé ló kù.

Dúró dá a padà fún un. "Lọ bá bàbá. Kò sóhun tí mo lè tẹ̀ níbí."

5.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ló padà dé. Wọ́n ti ṣí tówẹ̀lì. Àwọn ọmọ bàbá ti dé, wọ́n dúró tì í, bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ lé òjìji náà.

Nàfísàt kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀. Fọ́tò ń kọ́?"

Ó nà án sí i. Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ká ní o sọ fún mi láàárọ̀," ó ní, "ọ̀kan ì bá kù."

Kò ṣépè. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, kò kí ẹnì kankan kó tó wọ̀ ọ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Bàbá ò lé Nàfísàt. Nàfísàt ni ì bá fẹ́ kó lé òun. Gbogbo Sátidé ni bọ́ọ̀sì ń wá, ó sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Bó bá ṣe ń dán sí i ni obìnrin tí kò lójú yẹn ń hàn sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ mọ́tò, ẹ má fi ẹ̀rọ kan sítíkà. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, kí pọ́líìṣì yín dúró létí rẹ̀. Gbogbo wa pátá, bí a bá ba nǹkan onínǹkan jẹ́, ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ojú àpá kì í jọ ojú ara.