Ọmọ Àdàbà Màmá Nọ́ọ̀sì

Igi àràbà tó wà lẹ́yìnkùlé Abọ́sẹ̀dé ní àdúgbò Mayfair ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń la ògiri ilé ìdáná, ó sì pẹ́ tí obìnrin náà ti ń sọ pé òun máa gé e. Fọláránmi, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ní kó má dán an wò, pé igi bàbá àwọn ni. Abọ́sẹ̀dé pe àwọn agégi. Igi wó, ìtẹ́ ẹyẹ kan sì bá a wó. Ọmọ ẹyẹ méjì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ń mí.

"Ọmọ àdàbà ni," ni agégi kan wí, bó ti ń nu àágùn ojú rẹ̀. "Kò lè yè, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Abọ́sẹ̀dé. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ tí wọ́n ní kò lè yè kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di abiyamọ báyìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ló ní kí wọ́n gé igi. Ẹ̀mí méjì ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò fẹ́ kó di mẹ́ta. Ó fi àkísà tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ ẹyẹ náà sí i, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ kí oòrùn òwúrọ̀ lè máa ta sí i lára.

Àmínátù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ọkà ní Sábó, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì bu ọkà bàbà wá.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá Nọ́ọ̀sì," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Orúkọ wo la máa sọ ọ́?"

"Kó kọ́kọ́ jẹun ná."

Kò jẹun. Abọ́sẹ̀dé lọ ọkà náà kúnná, ó pò ó, ó fi ṣíbí kékeré gbé e sí i lẹ́nu. Ọmọ ẹyẹ yí orí padà. Ó fún un ní ẹ̀kọ, ó fún un ní búrẹ́dì tó rẹ sómi, ó gún ẹ̀pà fún un. Ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìkọ́ kì í là àfi tó bá fẹ́ bu Abọ́sẹ̀dé níka jẹ. Nígbà tó di kàráǹgídá, ó fi sìríńjì ta gúlúkóòsì sí i lọ́fun. Ó bì í.

Àfi bíi pé ìyẹn kò tó, nǹkan mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bá òkú alángbá létí fèrèsé yàrá náà. Ó gbá a dànù. Lọ́jọ́ kejì, orí òròmọdìẹ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ojú fèrèsé òun gan-an, níbi tí òun ń sùn sí? Ta ló lè ṣe é bí kì í bá ṣe Fọláránmi? Ó da kẹrosíìnì sí i, ó dáná sun ún, ó ń ka Sáàmù lé e lórí. Bó ti ń sun tòní ni tọ̀la ń dé: ìdajì eku, ìfun ẹran.

"Ẹ ní sùúrù, Màmá," ni Àmínátù wí. "Bóyá ológbò ni. Èmi náà ń jìyà tèmi, àṣá ti gbé ọmọ adìẹ mi tán."

"Ológbò wo ló ń gbé ẹran wá tí kì í jẹ ẹ́?"

Ọmọ ẹyẹ ń rù. Egungun àyà rẹ̀ ti yọ síta. Abọ́sẹ̀dé, tó ti fẹ́ èémí sẹ́nu ọmọ tí kò ké títí tó fi ké, jókòó ti apẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

"Kí ni mo ṣe tí o ò fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" ló bi í.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ṣàkíyèsí àṣá náà fúnra rẹ̀. Ṣe ni yóò bà lé ògiri àgbàlá, tí yóò dojú kọ fèrèsé. Tí Abọ́sẹ̀dé bá lé e, yóò gbéra, yóò rà bàbà lókè ilé, yóò tún padà wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi èékánná ya nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Abọ́sẹ̀dé kò lè mú ọmọ ẹyẹ jẹun, kò sì rí ọwọ́ aṣebi mú. Ti àṣá nìkan ló ní oògùn. Ó ránṣẹ́ pe Oyèkúnlé, ọdẹ ará Edunabon tó ń ṣọ́ àdúgbò wọn.

"Ọmọ tí mò ń tọ́ ló fẹ́ gbé," ló wí fún un. "Ẹ bá mi pa á."

"Àṣá lásánlàsàn? Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Oyèkúnlé lọ lúgọ lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tí ìbọn fi dún. Abọ́sẹ̀dé gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, ó ń sọ fún ọmọ ẹyẹ pé ó ti tán, pé kó sinmi. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó báyìí rí láti ọjọ́ tí igi ti wó.

Bí Oyèkúnlé ti gbé òkú àṣá náà wọlé wá fi hàn án, eku tútù ṣì há sí i lẹ́sẹ̀, ni ọmọ ẹyẹ tí kò la ẹnu gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bá nà dìde nínú apẹ̀rẹ̀, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sí òkú náà, ó la ẹnu gbàgà, ó ń dúró kí àṣá náà fún òun jẹ.