Àwo Tó Rì Lójú Odò Subin

Abọ́ tánganran ni Hàjàrá ń tà ní Fante New Town, ní Kùmásí tí wọ́n bí i sí. Lọ́dún 1954, lẹ́tà dé láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta: ẹ̀gbọ́n Àbùbákàr ọkọ rẹ̀ ní kí àbúrò òun máa bọ̀ wálé, ilẹ̀ bàbá wọn létí ọ̀sà ń dúró dè é.

"Ọmọ Àwórì kì í pẹ́ títí kó gbàgbé ilé," Àbùbákàr wí látorí àkàbà. Ó ń kan páànù tuntun sórí ilé ìdáná.

Hàjàrá na ìṣó kan sí i. Ìyàwó kì í sọ pé òun ò bá ọkọ òun lọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n létí ọ̀sà tí yóò ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

"Bàbá Sàfúrátù," ó ní, "báwo làwọn baba yín ṣe mọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó?"

"Wọ́n gbé àwo sójú odò, wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́rì ló rì sí. Àwo ti rì, la fi ń jẹ́ Àwórì. Àwọn ọmọ wọn ló sọ̀ kalẹ̀ dé Ìdó, kí wọ́n tó sọdá sí erékùṣù Èkó."

"Ẹ jẹ́ ká gbé tiwa sójú Subin. Bó bá kọjá afárá, ká dirù. Bó bá rì, ká jókòó."

"Mo gbà," ni Àbùbákàr wí, kí Hàjàrá tó sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, Hàjàrá mú àwo funfun kan nínú ọjà rẹ̀, ó fi ìṣó dá ihò kékeré lu ìdí rẹ̀, ó fi ọṣẹ funfun dí i. Ó dán an wò nínú bàsíà: ó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún kí ọṣẹ tó yọ́, kí àwo tó rì. Ó tún un dí, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Ní àárọ̀ Sunday tí wọ́n ń gbé àwo lọ sódò, àkísà wà ní àtàǹpàkò Àbùbákàr.

"Kí ló ṣe yín?"

"Òòlù ni. Kò mọ ẹni tó ni ín."

Akua, aládùúgbò wọn, ń fọṣọ nísàlẹ̀ afárá. "Ei, Maame Hàjàrá! Kí lẹ ń fi àwo wá?"

"A fẹ́ béèrè ọ̀nà ilé lọ́wọ́ odò ni," Àbùbákàr dáhùn.

"Ẹ bi mí! Kejetia lọkọ̀ wà!"

Wọ́n gbé àwo sójú odò, ó léfòó lọ. Hàjàrá ń kà nínú ọkàn rẹ̀. Kò tíì dé ogójì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rì.

"Ó mà ṣe o," ni Àbùbákàr wí. "Àwọn baba ti sọ̀rọ̀. Màá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi." Ó ń súfèé bó ti ń gòkè lọ.

Akua wọ odò, ó yọ àwo náà, ó gbé e sókè síhà oòrùn. "Maame, àwo lẹ ń tà ni, àbí asẹ́?"

Hàjàrá gbà á, ó yí i padà: ihò méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo sì ni òun dá lu.