Kó Má Tètè Gbọ́ Ẹsẹ̀

Mẹkáníìkì tẹná díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje náà bú, ó sì tún rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ ta gìrì. Láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti kú sẹ́nu eré ìje ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, ariwo kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àbúrò olóògbé ló fẹ́ wa ọkọ̀ yìí lọ́la.

"Mọ́mì, ẹ rọra o, ibẹ̀ yẹn gbóná."

"Ṣé o lè ṣe é kó má tètè gbọ́ ẹsẹ̀? Tọ́mọ mi bá tẹná, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ rò ó ná."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ìje tó ń ronú? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Kí wọ́n fi wá ṣe é. Má ṣáà jẹ́ kọ́mọ mi mọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó na ìka tó kún fún gírísì sí ìlà kan tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ hàn, tó rọra ń gun òkè.

"Mo ti dín in kù láàárọ̀, Mọ́mì. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Ọmọ náà wọlé, ó kó sínú ọkọ̀, ó tẹná. Ẹ́ńjìnnì dúró díẹ̀ kó tó dáhùn.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe yára tó?"

"Mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó yára jù, ọmọ mi."