Ẹ-Lọ-Gbélé

Ọ̀sán Sátidé ni awakọ̀ tánkà kan fi mọ́tò ara rẹ̀ kọ lu ẹ̀yìn mọ́tò ẹlòmíràn ní oríta. Kò gbé epo lọ́jọ́ náà, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ ló lọ rà. Fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó fìrí, kó tó gbójú sókè, ẹni iwájú ti dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tètè dé búréèkì. Ẹni tó kọ lù ò fara pa, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá gba orúkọ awakọ̀ náà. Imú mọ́tò tirẹ̀ rún wómúwómú.

Òfin ilé iṣẹ́ wọn ò lọ́jú pọ̀. Awakọ̀ tó bá ní ìjàǹbá, ìbáà jẹ́ nínú mọ́tò ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ kó tó tún gun tánkà. Bó bá fi pa mọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ mìíràn tó bá sì gbọ́ tí kò sọ, òun náà ń lọ.

Ọ̀gá tó ń rí sí ààbò ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹ-lọ-gbélé ni àwọn awakọ̀ ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ tó fi ń parí ẹjọ́ nìyẹn: "Ẹ lọ gbélé." Àwọn kan gbélé díẹ̀, wọ́n padà. Bàbá kan tó fi mọ́tò rẹ̀ gbá géètì ara rẹ̀ ṣì wà nílé títí di báyìí. Wọ́n ní ìyá tó bí Ẹ-lọ-gbélé gan-an, tó bá wa tánkà tó ṣì í wà pẹ́nrẹ́n, ilé ló ń lọ. Tí awakọ̀ wa bá ti yọ sí wọn nídìí irú àwàdà bẹ́ẹ̀, wọ́n á yáa yí i sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó mọ̀, kò sì bínú sí wọn.

Ó wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ pánẹ́bítà kan tí kò mọ̀ rí, ní òdìkejì ìlú.

"Tí mo bá kùn ún tán, ẹ̀yin fúnra yín á máa wá ibi tó ti fọ́," pánẹ́bítà sọ fún un.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ta ni màá sọ fún? Òòlù mi? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Wọn ò tíì gbọ́."

"Ẹ sọ fún wọn jàre, kí ọkàn yín fúyẹ́. Ìyàwó lè pariwo, ó lè fi oúnjẹ duni, àmọ́ ṣé ìyàwó lè léèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà wo ibi tí mọ́tò máa ń wà, ibẹ̀ ṣófo. Ó wá wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"O mà pẹ́."

"Mo pẹ́. Mọ́tò yẹn ni mo..."

"Oúnjẹ ti ń tutù. Jẹun ná."

Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ bá a níbi tó ti ń lọ aṣọ.

"Ìyá wọn, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi."

Obìnrin náà yí ohùn rédíò sókè. "Tó bá jẹ́ ti àwọn ọmọ, mò ń gbọ́. Tó bá jẹ́ ti mọ́tò, jọ̀ọ́, má sọ ọ́ nínú ilé yìí."

"Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Mi ò bínú."

Apá ẹ̀wù tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún ń lọ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Awakọ̀ náà jáde. Ó yé e. Síbẹ̀, ó dùn ún dé egungun.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ìyàwó ti jáde nílé kí òun tó múra tán. Nígbà tó débi iṣẹ́, olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ na kọ́kọ́rọ́ tánkà sí i.

"Tìẹ ti kún fọ́fọ́. Máa gbé e lọ."

Ó nawọ́. Tó bá gbà á, ó ti fi pa mọ́ nìyẹn. Tí kò bá gbà á, ta ló máa gba awakọ̀ tí wọ́n ní kó lọ gbélé? Iṣẹ́ mìíràn ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ padà.

"Bá mi dì í mú. Mo fẹ́ yà lọ́dọ̀ ọ̀gá."

Akọ̀wé wà ní igun ọ̀fíìsì, ó ń tẹ̀wé.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó."

Ó ro gbogbo rẹ̀, látorí fóònù dórí pánẹ́bítà. Ọ̀gá ò gbójú sókè, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ta ló tún mọ̀ sí i?"

"Pánẹ́bítà nìkan ni."

"Nílé ńkọ́?"

"Mo gbìyànjú. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́."

Bírò ọ̀gá dúró. Ó tún ń lọ.

"Ká ní ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn ni, a ò ní ríra wa níbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ ò ní wakọ̀ fún oṣù kan, ẹ ó sì tún ìdánwò ṣe kí ẹ tó padà. Ẹ lọ gbélé."

Akọ̀wé gba ìwé náà, ó gbé e jáde.

Bí ilẹ̀kùn ṣe padé, ọ̀gá dìde nídìí tábìlì, ó wá kúnlẹ̀ níwájú awakọ̀ náà, ó ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ọrùn dé èjìká, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní: "Olówó orí mi, ṣé o ò fara pa? Láti Sátidé ni mo ti fẹ́ bi ẹ́."