Fọ́tò Méjì Nínú Férémù Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fún ẹlòmíràn kà. Kì í ṣe ìtàn ẹkún. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an kò sunkún.

1.
Ní Àdó, lẹ́bàá Ajah, lọ́dún 1978, télọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mọ́rúfù. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í pa ìrun jẹ. Fọ́tò nìkan ló kó sí i lórí. Òṣèré fíìmù àtijọ́ kan tó gbajúmọ̀, Ọlákẹ́mi Dúró, ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ sì tú àpótí fọ́tò rẹ̀ tà kiri. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń fi gègé kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn làwọn tó ń kó o jọ máa ń kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí ìkọ̀wé níbẹ̀, ìwé lásán ni.

Mọ́rúfù ti ní mọ́kàndínlógójì nínú wọn. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ní ẹyọ kan péré: fọ́tò Nùsírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí ibà pa lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ Iléyá ni wọ́n yà á, nínú aṣọ tí bàbá rẹ̀ rán fún un. Onífọ́tò tó yà á ti kó kúrò ládùúgbò, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà lọ. Ẹyọ yẹn náà ló wà láyé.

2.
Ìkejìdínlógójì kọ́, ìkọkàndínlógójì kọ́. Èyí tó pé ogójì gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Nínú fọ́tò náà, Ọlákẹ́mi jókòó sí etí ọkọ̀ ojú omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Férémù tó ṣófo kò sí nílé, gíláàsì kò sì sí ní Àdó, àfi kéèyàn dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Mọ́rúfù kò lè ní sùúrù. Ó já férémù Nùsírátù lára ògiri, ó fi òṣèré síwájú, ó ki fọ́tò ọmọ sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Nùsírá, ọmọ mi dà?" ni Sìlífátù bi í.

"Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ jàre. Tí mo bá ti dé Èkó, màá ra férémù míì."

"Ẹ fi ọmọ yín sẹ́yìn obìnrin tí ẹ ò mọ̀ rí."

"Fọ́tò ni àwọn méjèèjì, Ìyá Nùsírá."

Kò dé Èkó. Ìgbà òjò méjì kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ bó ṣe máa ń rí: iyọ̀ á di omi nínú agolo, bàtà á hu funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ṣí férémù náà wò.

3.
Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàní, tí òun náà ń kó fọ́tò Ọlákẹ́mi jọ, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé wá wo ẹ̀yìn fọ́tò ọkọ̀ yẹn. Tí ìkọ̀wé bá wà níbẹ̀, òun á gbà pé Mọ́rúfù ni ọ̀gá gbogbo àwọn. Inú Mọ́rúfù dùn. Ó ṣí férémù, ó rí i pé ojú ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òṣèré. Ó gbé e lọ bá Bàbá Yẹ̀kínì, àgbà onífọ́tò kan ní Ajah.

"Rẹ wọ́n sínú omi tútù," ni Bàbá Yẹ̀kínì wí. "Wọ́n á fira wọn sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Nǹkan kan ò ní ṣe ojú ọmọ náà."

"Ìkọ̀wé ẹ̀yìn ńkọ́, Bàbá?"

"Yíǹkì gègé ni. Omi á fọ̀ ọ́ lọ."

"Tí mo bá ṣí i ní gbígbẹ ńkọ́?"

"Bóyá yíǹkì á yè é. Ojú ọmọ ò ní yè é. Má dán an wò."

Ṣùgbọ́n télọ̀ ni Mọ́rúfù. Ojoojúmọ́ ló ń fi abẹ tú ojú rírán, aṣọ kì í ya. Ó dá a lójú pé ọwọ́ òun yàtọ̀ sí ọwọ́ àwọn yòókù.

4.
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí Sìlífátù lọ ra ẹja létí omi, Mọ́rúfù mú abẹ. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ṣí dáadáa, aṣọ ṣí dáadáa, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dé ọrùn, ìwé ń ya. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, kó wá omi. Ó rò ó. Ó rántí Àlàní, ó fà á.

Láti ọrùn sókè, fọ́tò Nùsírátù di funfun. Ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn òṣèré ní wẹ́wẹ́, ó bo yíǹkì mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ka lẹ́tà kan níbẹ̀ mọ́.

Sìlífátù wọlé, ó rí fọ́tò méjèèjì, ó gbé ẹja kalẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún yín ni?"

"Wọ́n kìlọ̀."

Sìlífátù se ẹja náà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí Àlàní dé lọ́jọ́ kejì, ó yí fọ́tò náà padà. "Mi ò rí ìkọ̀wé kankan. Ojú ta rèé?"

"Ọmọ mi ni," ni Mọ́rúfù wí. Àlàní rọra gbé e kalẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, Sìlífátù padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú. Fọ́tò òṣèré yẹn ló mú dání, torí ibẹ̀ ni ojú ọmọ rẹ̀ wà. Mọ́rúfù ṣì ní mọ́kàndínlógójì. Lọ́dún 1984, ẹnìkan bi í pé ta ni ọmọ rẹ̀ jọ, òun ni tàbí ìyàwó rẹ̀. Ó ronú títí. Ó ní aṣọ rẹ̀ nìkan ni òun rántí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kó ohun tó bá wù yín jọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tiyín tì sẹ́yìn nítorí kí tẹlòmíràn lè hàn. Bí àgbà bá sì ní kí ẹ má dán an wò, ẹ gbé abẹ sílẹ̀. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.